Ẹ Gbé Orí Yín Kúrò Lórí Ìrọ̀rí

Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn tó gbá a mọ́ra. Àwọn méjèèjì tutù bí ẹni tí òjò pa, bẹ́ẹ̀ òjò kankan ò rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ti tọ̀ sára, ó ti yàgbẹ́ sára. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá o, wárápá ló gbé e lóko!" Ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí ọ̀kadà kejì ní rárá, ọkọ òun ò ní wárápá rí, ayé ló ṣe é, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó wà nílẹ̀. Èmi ní tèmi, n kò tíì lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Onígbáméjì ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí ìgbẹ́ àti èébì yẹn. Mo ti ń wá ojú iṣan tí màá fi omi sí.

Ọsibítù àdáni kékeré kan la wà nígbà náà. Nọ́ọ̀sì àgbà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, kò wo ìgbẹ́, kò wo èébì. Ó fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú ọkùnrin náà sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó ní, "Wá wo ọmọlójú rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Ó ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ti òsì àti ti ọ̀tún. Ó tún ní kí n gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀. Ẹran itan náà ń fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ, bí omi tó ń múra àti hó. Màámi gbé imú sún mọ́ àyà rẹ̀, ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Kí lẹ fín lóko lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀wà ni, Mà. Kòkòrò ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Tánkì tó pọ̀n ló ń jò sí i lẹ́yìn láti àárọ̀, ó ní kí òun parí ilẹ̀ náà ná."

Bí mo ṣe mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní organophosphate nìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìbéèrè Màámi yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá, kí n tó béèrè orúkọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ojú tí àìsàn yìí fi ń wá, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti bọ́ sínú kí a máa pè é ní nǹkan mìíràn. Gbogbo ibi tí omi lè gbà jáde lára ni omi á ti máa jáde: òógùn, itọ́, omijé, ìtọ̀, ìgbẹ́ gbuuru, èébì. Èyí tó burú jù ni omi tó ń kún ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹni náà á máa rì sínú ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọlójú á kéré. Ọkàn lè máa lù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè máa sáré, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Ẹran ara á máa fò, lẹ́yìn náà á wá rọ. Gìrì lè mú un, iyè rẹ̀ lè ra. Nígbà mìíràn òórùn kan á wà lára rẹ̀ tó jọ ti aáyù, tàbí òórùn epo òyìnbó, nítorí ohun tí wọ́n fi pò ó. Lóde òní tí àwọn ọmọ wa ń gbé tramadol mì, mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ pé ojú àwọn yẹn náà máa ń kéré, ṣùgbọ́n itọ́ kì í dà lẹ́nu wọn báyìí, ìgbẹ́ kì í ya wọ́n, ẹran ara wọn kì í sì í fò. Ojú kékeré pẹ̀lú ara tó ń rọ omi, ẹ wá kẹ́míkà lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nìyí, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá. Bí iṣan bá fẹ́ kí ẹran ara, tàbí ibi tí itọ́ ti ń sun, ṣe nǹkan, ó máa ń rán ìránṣẹ́ kan lọ kan ilẹ̀kùn. Acetylcholine ni orúkọ ìránṣẹ́ náà. Bó bá ti kan ilẹ̀kùn tó sì jíṣẹ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti lé e lọ, kí ilẹ̀kùn lè sinmi. Cholinesterase ni wọ́n ń pe ìyẹn. Májèlé yìí á wá so ọwọ́ ẹni tó ń lé ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ á wá dúró, á máa kan ilẹ̀kùn, òmíràn á tún dé, á máa kàn án. Itọ́ ò ní dá, òógùn ò ní dá, ẹran ara á máa fò títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ohun tí kẹ́míkà náà ń ṣe sí kòkòrò nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwa àti kòkòrò ò jọra, àmọ́ ìránṣẹ́ yẹn, ọ̀kan náà ni.

Atropine ni oògùn tó ń ti ilẹ̀kùn níbi itọ́, níbi ẹ̀dọ̀fóró àti níbi ọkàn. Tiwa nígbà náà, míligíráàmù 0.6 ló wà nínú ìgò kékeré kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní kí n fa mẹ́ta pọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó tẹ́tí, ó mi orí. Ó ní kí n sọ ọ́ di mẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, ó tún mi orí. Méjìlá. Ibẹ̀ ni oògùn ti tán nílé oògùn wa, nítorí ìgò mọ́kànlélógún péré ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ sáré lọ sí Tákíé, ó ń ti ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn, àwa sì ń fi ẹ̀rọ fa itọ́ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tó tún ń kún. Nígbà tí awakọ̀ dé, mẹ́rìnlélógún la tún fún un. Ìgò 45 lápapọ̀, láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ọrùn ìgò la máa ń ṣẹ́ kí a tó fa oògùn inú rẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣẹ́ bí ọgbọ̀n, gíláàsì ti ya àtàǹpàkò mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú abọ́, n kò mọ̀. Màámi ló rí i.

Dókítà wá pè mí, ó fi ẹ̀rọ náà sí mi létí. "Gbọ́." Ṣáájú ìgbà náà, àyà ọkùnrin yẹn ń dún bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná. Ó ti dákẹ́ báyìí. Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde, kò sí omi nínú rẹ̀. Dókítà ní òpin tí a ń lé nìyẹn: kí àyà gbẹ, kí abíyá gbẹ, kí ìlù ọkàn ju 80 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ju 80 lọ. Kò sọ̀rọ̀ ọmọlójú. Ọmọlójú lè pẹ́ kó tó là, ẹni tó bá ń dúró dè é yóò fún aláìsàn ní oògùn àfúnjù. Mo rí ìyẹn náà lóru ọjọ́ kan náà, nígbà tí ọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí ògiri pé ewúrẹ́ ń gùn ún, tí ara rẹ̀ gbóná fòò, tó gbẹ gan-an, tí ikùn rẹ̀ ò dún, tí kò lè tọ̀. Atropine ti pọ̀ jù nìyẹn. A dá a dúró díẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n tó gbá àbúrò mọ́ra lórí ọ̀kadà ní ojú ń ṣú òun, orí ń fọ́ òun, ó sì ń tutọ́ ṣáá. A wo ọmọlójú rẹ̀: ó ti ń kéré. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹ̀wù tútù yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò àbúrò tí a bọ́ sì wà nínú náílọ́ọ̀nù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń pa á mọ́ kó má baà sọnù. Mo ti kà á lẹ́yìn náà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo lórílẹ̀-èdè Japan ní 1995, nígbà tí àwọn kan tú májèlé tí wọ́n ń pè ní sarin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ẹbí kan náà ni sarin àti kẹ́míkà oko wa. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tó gba àwọn aláìsàn náà sílé ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, láti ara aṣọ àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Nítorí náà, aṣọ lẹ ó kọ́kọ́ bọ́. Kí ẹ tó bọ́ ọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, nítorí kẹ́míkà yìí máa ń gba inú ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹ di aṣọ náà sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ gbé e síta. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ aláìsàn náà. Bí ẹnì kan bá ń bójú tó ìmí rẹ̀, kí ẹnì kejì máa wẹ̀ ẹ́ lọ.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọkùnrin wa.

Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ le. Ó jókòó, ó jẹ àmàlà láfún, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. A gbé e kúrò níwájú tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn, nítorí ẹlòmíràn nílò bẹ́ẹ̀dì náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè kó tó lè mu omi. Ọrùn rẹ̀ ò dúró." Mo lọ wò ó. Àyà rẹ̀ gbẹ, ìlù ọkàn rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ fún obìnrin náà pé, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìmí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kò sí itọ́, kò sí òógùn, àyà rẹ̀ ò hó. Ó kàn ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò wá. Ọsibítù wa ò ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. A fi báàgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ mí, a gbé e sínú ọkọ̀, mò ń tẹ báàgì náà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ó kú ká tó dé ọsibítù ńlá. Mo rántí pé nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ kà á, tí mo mọ̀ pé nǹkan tó pa á ní orúkọ nínú ìwé ìṣègùn, pé láàárín wákàtí 24 sí 96 lẹ́yìn tí kẹ́míkà wọ ara ló máa ń dé, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rò pé ewu ti fò. Atropine ń ti ilẹ̀kùn níbi itọ́ àti níbi ọkàn. Kò ní agbára kankan lórí ilẹ̀kùn ẹran ọrùn, ẹran èjìká, àti ẹran tí a fi ń mí. Ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ rọ, èjìká àti itan á tẹ̀lé e, ìmí á wá kẹ́yìn. Oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní pralidoxime lè tú ọwọ́ tí wọ́n so yẹn bí wọ́n bá tètè fún un, ṣùgbọ́n kì í sí ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn wa, àwọn dókítà náà ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ohun tó ń gba ẹni tí ọrùn rẹ̀ rọ là ni ẹ̀rọ tó lè bá a mí fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì, tàbí mẹ́ta, kí agbára fi padà. Bó bá rí ẹ̀rọ yẹn lásìkò, púpọ̀ nínú wọn máa ń dìde. Bí a bá ti gbé ọkùnrin yẹn lọ ní ọ̀sán, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, wákàtí méjìlá ló wà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé aláìsàn wá kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ìlú tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣègùn òyìnbó tọ́jú èèyàn láti 1907 ni Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ epo pupa ni ọwọ́ ṣì ń kọ́kọ́ lọ bá bí májèlé bá wọlé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n epo àti mílíìkì ò pa kẹ́míkà yìí kú. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti kún fún itọ́, tí iyè rẹ̀ ń ra, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń bá lọ. Ẹ má fi ìka sí i lọ́fun pé kó bì, nítorí epo òyìnbó tó wà nínú kẹ́míkà náà tún ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lọ́nà àbọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ máa gbé e bọ̀. Ẹ mú ìgò kẹ́míkà náà dání nínú náílọ́ọ̀nù, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló mu ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa. Mo mọ̀ pé ìtìjú àti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń mú kí àwọn ẹbí sọ pé oúnjẹ ló jẹ. Iṣẹ́jú tí a fi ń wá inú irọ́ yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ń kún. Bó bá sì yè, ẹ má bú u. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ nípa ìbànújẹ́ ọkàn tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Kẹ́míkà inú ìgò mínírà, kò yẹ kí n tún máa rí i mọ́, mo ṣì ń rí i. Wọ́n á ra òtàpíápíá, wọ́n á rọ ìdá kan sínú ìgò fún aládùúgbò, ọmọdé á rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta dichlorvos, kẹ́míkà tó sábà máa ń wà nínú òtàpíápíá, onígò kékeré ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní 2015 ni Yúróòpù ti dá ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ dúró, nítorí dichlorvos kan náà tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ike kẹ́míkà kì í di ike epo, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ní oṣù keje 2013, ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà, ọmọ ilé ìwé 23 ló kú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé kẹ́míkà oko ti wọnú epo tí wọ́n fi sè é.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ti ọkùnrin yẹn, wọ́n gbé Màmá kan wá bá wa láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kẹ́míkà ni ọmọ rẹ̀ ní kó bá òun rù wá sóko nínú kẹ́ẹ̀gì, ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà ò sì mú dáadáa. Òṣùká ló kọ́kọ́ fà á mu, ó wá gba orí wọ ọrùn rẹ̀, ó wọ inú ìró. Màmá rò pé òógùn ni. Àmì gbogbo ti pé nígbà tí wọ́n dé. A bọ́ aṣọ, a wẹ̀ ẹ́, a fún un ní atropine títí àyà rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn wákàtí méjì, itọ́ tún bẹ̀rẹ̀. A fún un lóògùn, ó gbẹ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà ń béèrè bóyá ayédèrú oògùn la rà.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti fa itọ́ lẹ́nu rẹ̀, imú mi sún mọ́ ìrọ̀rí, mo sì gbọ́ òórùn aáyù. Mo gbé orí rẹ̀ sókè. Irun dídì ni, ó di ṣùkú, tómótómó, a ò sì tú u. Láti ìgbà tó ti dé la ti ń wẹ ara rẹ̀ tí a fi orí sílẹ̀, tí kẹ́míkà inú irun ń wọ awọ orí díẹ̀díẹ̀, tí ìrọ̀rí náà sì ti fà á mu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí a jọ̀wọ́ tú u, kí a má gé e. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, kò sí àyè." A gé e, a fi ọṣẹ fọ orí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a fọ abẹ́ èékánná rẹ̀ àti inú etí rẹ̀, a gbé ìrọ̀rí jù síta, a pààrọ̀ ẹní. Itọ́ náà ò padà mọ́.

Mo wá pe ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, mo ní kí wọ́n mọ̀ pé a ní irú aláìsàn báyìí, kí wọ́n máa retí ìpè wa. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níwájú tábìlì wa fún ọjọ́ márùn-ún, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín tó. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tọ̀sán-tòru, mo dúró tì í, tàbí ẹni tí mo ti kọ́ dúró tì í.

"Mà, ẹ gbé orí yín kúrò lórí ìrọ̀rí. Ẹ má fi ọwọ́ ti ara yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé e, ó gbọ̀n, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó ka mẹ́ta. N kò sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra kí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, nígbà tí ìmí rẹ̀ ṣì dára, mo sì tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi bá a mí. Mo máa ń lọ wò ó bí mo bá parí iṣẹ́ òwúrọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ̀pá kúrò lọ́fun rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há, ó mọ̀ mí. Mo ní kó gbé orí rẹ̀.

Ó gbé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Irun funfun ti ń hù bọ̀ kúkúrú lórí rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ nà gbọnrangbọnran. Mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́wàá.

"Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ báyìí, ọmọ mi?"

"Ẹ ṣì dúró díẹ̀ sí i, Mà."